Ẹ fẹ́ ra ìwọ̀ tàbí àwọ̀n ní Kumasi? Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé

Ìlú Kumasi jìnnà sí òkun. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Bantama tó bá fẹ́ pa ẹja kò ní rìn ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ kó tó dé adágún Bosomtwe.

Ibi tí wàhálà wà ni bí yóò ṣe rí ìwọ̀, okùn àti àwọ̀n gidi rà, kí owó rẹ̀ má baà wọ omi lọ.

Níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Bantama ni ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà, ọjà Kejetia kò sì jìnnà síbẹ̀. Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má kàn máa wá pátákó tí wọ́n kọ "ohun èlò ẹja pípa" sí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta okùn àti irinṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Asau" ni àwọ̀n lédè Twi, "darewa" sì ni ìwọ̀. Bí ọlọ́jà kan kò bá ní in, ẹ ní kó júwe ẹni tó ní in.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwọ̀n púpọ̀ lè lọ sí Yeji létí adágún Volta, tàbí Tema tí èbúté àwọn apẹja wà. Níbi tí àwọn apẹja pọ̀ sí, ẹ máa rí ẹni tó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ìwọ̀: Ẹ rọra fi ẹnu rẹ̀ fa èékánná yín. Èyí tó mú yóò há, èyí tó kú yóò yọ̀ lọ. Tó bá ti dípẹtà, ẹ fi sílẹ̀.

Okùn ọ̀rá: Ẹ ta á ní kókó, ẹ fi omi tẹ́ ẹ, kí ẹ wá fà á. Oòrùn máa ń ba irú okùn yìí jẹ́, nítorí náà ẹ má gba èyí tí wọ́n ti ń sá síta ṣọ́ọ̀bù tipẹ́.

Àwọ̀n: Ẹ fa ojú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kókó rẹ̀ ń yọ̀.

Ọ̀pá ìpẹja: Ìlú Weihai ní China lókìkí fún ṣíṣe é, àmọ́ orúkọ ara ọ̀pá kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Ẹ fi òwú nu inú àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá. Bí òwú bá há, òrùka náà ti sán, yóò sì máa gé okùn yín.

Adágún tí kò fẹ́ irin

Ọjà tó dára ní Kejetia lè di ẹ̀sùn ní Bosomtwe. Adágún mímọ́ ni lójú àwọn Asante, èèwọ̀ sì ni láyé àtijọ́ kí irin kan omi rẹ̀. Irin sì ni ìwọ̀. Pátákó igi tí wọ́n ń pè ní "padua" ni àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń gùn dípò ọkọ̀ ojú omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé kí ẹ tó ju ohunkóhun sómi.

Lọ́dún 2016 ni UNESCO fi Bosomtwe sára àwọn àyíká tó ń fẹ́ ìtọ́jú pàtàkì lágbàáyé. Odò kankan kì í ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Bí àwọ̀n olójú kékeré bá ń kó ọmọ ẹja, kò sí ibòmíràn tí ẹja yóò ti wá rọ́pò wọn, àwọn ará abúlé létí adágún ni ebi rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ pa. Òfin ẹja pípa ní Ghana náà ka lílo májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ ọlọ́jà gidi, ẹ tẹ́tí sí ohun tó máa kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá béèrè omi tí ẹ ń lọ àti irú ẹja tí ẹ fẹ́ pa kó tó dárúkọ owó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti rajà.