Ibi tí Omi ti Gé Ọ̀nà: Àlàyé lórí Ìdákúdájí Portal Ilé-Ẹ̀kọ́ Lásìkò Ìforúkọsílẹ̀

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi kún, ó sì bo òpópónà Lọ́kọ́jà sí Abuja mọ́lẹ̀ ní agbègbè Koton-Karfe. Àwọn tí ó wà ní ìlú yìí nígbà náà kò lè gbàgbé bí ọkọ̀ ṣe tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá lè rò pé ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ojú kan ni omi ti gé ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń fẹ ọ̀nà lójú nínú ìlú lọ́jọ́ náà, kò ní ran awakọ̀ kankan lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ portal ilé-ẹ̀kọ́ wa rí. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá ku ọ̀la kí ó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ojú-ìwé á kọ̀, kò ní ṣí. Owó á ti kúrò ní báǹkì, orúkọ kò sì ní wọlé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, portal dákú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan san owó ìtanràn nítorí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí èmi náà wà nínú rẹ̀ jókòó, a ní kí wọ́n ra server tuntun. Wọ́n rà á. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ mìíràn dé, ojú ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ náà ni a tún wà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìtìjú ọjọ́ náà ló mú mi lọ kọ́ ohun tí mo ń sọ yìí: kí a tó náwó, kí a wá ibi tí ọ̀nà ti gé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àká

Ojú-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wò kọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà. Inú dátábéèsì ni ó wà, èyí tí í ṣe àká tí a kó orúkọ, nọ́ńbà àti owó tí ó san pamọ́ sí. Ojú-ìwé á bi àká ní ìbéèrè, á sì dúró de èsì. Bí èsì bá pẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ìbáà yá bí àṣá, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi MySQL, tí ó wọ́pọ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, ìsopọ̀ 151 ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó bá dé lẹ́yìn wọn á rí “Too many connections”. Alákòóso á sì fẹ́ sọ 151 di 1,000 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tètè gbà fún un. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára RAM; bí RAM bá tán, server á máa fi dísìkì ṣe RAM, ìfàsẹ́yìn náà á sì di ìlọ́po. Bí akọ̀wé báǹkì bá ń fi wákàtí kan dá oníbàárà kan lóhùn, fífẹ ilẹ̀kùn kò wúlò. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, kí ló dé tí àwọn tí ó ti wọlé kò tètè jáde?

Àṣẹ SHOW FULL PROCESSLIST á fi ohun tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti lò. Ìgbà tí portal ń jẹ̀rora ni kí wọ́n lò ó, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. MySQL tún ní ìwé àkọsílẹ̀ fún ìbéèrè tó bá pẹ́, slow query log, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n pa á sílẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ó sì kà sí pípẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n sọ 10 di 1.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ó máa rí. Bí a bá fi EXPLAIN síwájú rẹ̀, tí a sì rí ALL lábẹ́ “type”, a jẹ́ pé gbogbo ìlà ni àká ń kà. Ẹ fojú inú wo ìwé atúmọ̀-èdè tí kò tò ní A, B, D: ẹni tí ó ń wá “ìyá” á bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní. Bí ìlà 60,000 bá wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ 500 sì ń wá nọ́ńbà wọn, ẹ ṣírò rẹ̀. Atọ́ka, tí wọ́n ń pè ní index, ni ó ń to ìwé náà. Àṣẹ ìlà kan ni, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi sí gbogbo òpó, nítorí pé bí a bá kọ orúkọ tuntun, a ó tún gbogbo atọ́ka kọ. Kí wọ́n sì ṣe é lóru, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà àká pamọ́.

Àwọn portal àtijọ́ ní àrùn mìíràn. Bí àtẹ bá jẹ́ MyISAM, ẹni kan tí ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ ti gbogbo àtẹ pa mọ́ àwọn yòókù. InnoDB, tí MySQL ń lò láìjẹ́ pé a sọ fún un láti ẹ̀dà 5.5 ti ọdún 2010, lè ti ìlà kan ṣoṣo. Àtẹ tí wọ́n ti dá ṣáájú kì í yí padà fúnra rẹ̀.

Server tuntun tí a rà

Nígbà tí ẹnì kan wá yẹ tiwa wò, ó rí i pé ìbéèrè tí ń wo owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní atọ́ka kankan. Èkejì ló dùn mí jù. RAM GB 32 ni server tuntun ní. MB 128 tí InnoDB ń bá wáyé ni ó ṣì ń lò láti fi tọ́jú ohun tí ó bá ń kà léraléra. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé a ti fi ilé kún ilé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi tún méjèèjì ṣe.

Àwọn tí ó lówó jù wá lọ náà ti kó sí i. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov fún adójútòfò ìlera. Ènìyàn 6 péré ló parí ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Àwọn tí wọ́n pè láti tún un ṣe kọ́kọ́ wá ohun tí wọn ó fi máa rí ibi tí ó ti ń pẹ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ojú-ìwé tí ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 8 tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé.

Kí àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ máa bèèrè àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kí a tó buwọ́ lu owó server, kí wọ́n sì máa fi èrò púpọ̀ dán portal wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìforúkọsílẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó san owó ìtanràn, mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì owó nítorí rẹ̀. Wọn kò tíì dá a padà fún un.