Kí A Tó Ra Ìlẹ̀kùn Omi Oníná Àlòkù fún Oko Ẹ̀fọ́

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀.

Láàárín àwọn àlòkù tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ iléeṣẹ́, ẹ lè rí irin kékeré kan tí ara rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí wáyà méjì jáde lórí rẹ̀. Électrovanne ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pè é. Àwa yóò pè é ní ìlẹ̀kùn omi oníná. Wáyà tín-ínrín ni wọ́n ká jọ sínú orí rẹ̀. Bí iná bá wọ wáyà yẹn, á di òòfà, bí èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò yín. Á fa irin kan sókè, ọ̀nà á ṣí, omi á kọjá. Bí iná bá lọ, sípíríǹgì á ti irin náà padà, ọ̀nà á dí.

Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀? Láti ọdún 2007, ní Bessassi àti Dunkassa, ní Kalalé nínú Borgou wa níbí, àwọn obìnrin ti ń fi iná oòrùn fa omi sínú táńkì, omi á wá máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá ní irú oko bẹ́ẹ̀ lè fi ìlẹ̀kùn omi yìí pín omi láti ebè kan sí òmíràn, láìsáré kiri. Àlòkù sì máa ń dínwó ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, owó á bọ́ sómi. Ẹ gba nǹkan mẹ́rin yìí dání.

Èkíní, iná. Iná SBEE jẹ́ 220 volt. Bàtìrì ọkọ̀ kan jẹ́ 12, méjì tí a so tẹ̀léra jẹ́ 24. Bí wọ́n bá kọ 220 sí i, bàtìrì kò lè ṣí i. Bí ó bá jẹ́ 24, tí ẹ fi í sí iná ilé, á jóná. Ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ìlà tó wọ́ bí ejò, irú iná bí ti ilé ló wà fún, kì í ṣe ti bàtìrì. Ẹ gbé bàtìrì tó bá a mu lọ sọ́jà, kí ẹ fi kàn án. Bí ẹ kò bá gbọ́ “kọ́” nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Èkejì, agbára omi. Ibí gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Omi tó wà ní gíga mítà 10 ló ń ti nǹkan pẹ̀lú agbára bar 1. Táńkì tó wà lókè ní mítà 3 kò ju bar 0,3 lọ. Bí wọ́n bá kọ “0,5–10 bar” sára irin náà, omi táńkì yín kò lágbára tó láti ṣí i. Ẹ óò gbọ́ “kọ́” o, ṣùgbọ́n omi lè má jáde. Èyí tí ònkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 ni kí ẹ wá.

Ẹ̀kẹta, ohun tó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ epo, ó lè jẹ́ ásíìdì. Bí ó bá ń rùn, tí ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ ibi tó ti wá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi àlòkù kankan sójú ọ̀nà omi mímu. Òjé lè wà nínú idẹ, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa. Ní ìlú òyìnbó, àwọn kan ń fi irú irin yìí ṣe ìbọn eré tí afẹ́fẹ́ fi ń ta ọta ọlọ́dà. Afẹ́fẹ́ inú ìgò wọn lè tó bar 200 tàbí 300. Ẹ̀rọ kan ní láti dín in kù kó tó dé ibi ìlẹ̀kùn náà, wọ́n sì ń fi ìbòjú líle dáàbò bo ojú. Irin tí wọ́n kọ 10 bar sí kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí páìpù omi bá bẹ́, aṣọ á tutù. Bí ìgò afẹ́fẹ́ bá bẹ́, irin á fò, ojú lè fọ́, ẹ̀mí lè lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbá àlòkù tàbí ìgò gáàsì dán an wò.

Bí ẹ bá wá rà á, ẹ to ọfà ara rẹ̀ sí ọ̀nà tí omi ń lọ, kí ẹ sì fi asẹ́ ṣíwájú rẹ̀ nítorí iyanrìn. Kí ẹ tó so ó mọ́ iná rárá, ẹ da omi sí i. Bí omi bá ń kọjá, irú èyí tó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ ni, tàbí kó ti bàjẹ́. Yálà èwo ni, bí iná bá lọ lóru, táńkì yín á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: mítà mélòó ni táńkì yín fi ga? Ta ló lè ka ònkà ara irin fún yín nínú ẹgbẹ́? Ẹ jíròrò rẹ̀ kí ẹ tó dá owó jọ.