Ètò Tó Ń Tẹ Kíbọ́ọ̀dù Dípò Ọwọ́ Ènìyàn

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà agbègbè Ìyànà Ìpájà, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, fọ́ọ̀mù kíkún wà lára iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń gbé wá. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá sì kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 200 dé, ohun kan náà ni òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni ìkẹyìn, yóò fi máòsì tẹ àpótí, yóò kọ orúkọ, yóò bọ́ sí àpótí tó kàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà kúkurú kan lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lára àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, AutoIt ti wà láti 1999, Chris Mallett gbé AutoHotkey jáde ní 2003, Al Sweigart sì ṣe PyAutoGUI fún àwọn tó ń lo Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igun òkè lápá òsì ojú kọ̀ǹpútà ni PyAutoGUI ti ń ka ibi tí máòsì yóò lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá kọ 400 àti 300 fún un, yóò rìn ní àmì tíntìntín 400 sí ọ̀tún àti 300 sí ìsàlẹ̀, yóò sì tẹ ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tí ojú ìwé kò sì tíì ṣí, ètò náà kò ní dúró àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀, orúkọ bàbá sì lè bọ́ sínú àpótí ọjọ́ ìbí. Ìdí nìyí tí PyAutoGUI fi máa ń dáwọ́ dúró bí ènìyàn bá sáré wọ́ máòsì lọ sí igun ojú kọ̀ǹpútà.

Orúkọ Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré, níwọ̀n bí orúkọ tó bà jẹ́ lórí fọ́ọ̀mù ti lè bá ọmọ dé orí ìwé ẹ̀rí. Lórí Windows, àṣẹ ìkọ̀wé PyAutoGUI máa ń fo lẹ́tà tí kò bá sí lórí kíbọ́ọ̀dù láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà “Ṣọla” yóò di “la” lásán. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ń ṣe ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ètò náà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odindi orúkọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, kí ó wá tẹ Ctrl àti V pọ̀, gbogbo àmì orúkọ náà yóò sì bọ́ sínú àpótí láìdín kan.