Bí Àjẹsára Ṣe Wọ Inú Ìṣirò Kọ̀ǹpútà

Kò sí ará Ìgbògbò tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ẹ̀fọn fún. Ilẹ̀ tí ọ̀sà sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí láti ìhà Báyékù, tí omi òjò sì ń dárogún sí ẹ̀yìnkùlé, ibùgbé ẹ̀fọn ni, ibi tí ẹ̀fọn bá sì gbé wà, ibà kì í jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ibà kan náà tí ó dá ọmọ ọdún méjì dùbúlẹ̀ kì í ju kí ó fọ́ bàbá rẹ̀ lórí lọ? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá; ara ènìyàn pẹ̀lú a máa rántí ọ̀tá tí ó ti bá a jà rí, a sì máa múra dè é; ìmúra yìí ni à ń pè ní àjẹsára.

Ronald Ross, ẹni tí ó fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ní ń gbé kòkòrò ibà kiri, fi ìṣirò ṣàlàyé bí ibà ti ń ràn, àmọ́ nínú ìṣirò rẹ̀, ọgbọọgba ni ẹni tí ibà ti ṣe léraléra àti ẹni tí kò ṣe rí. Ní 1961, ní Gáḿbíà, Ian McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ èròjà tí ń bá àrùn jà láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà, wọ́n fi gún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà sì dínkù jọjọ.

Nàìjíríà níbí ni ìṣirò ti wá gba àjẹsára wọlé. Láti 1969 di 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba wa ṣiṣẹ́ lórí ibà ní Garki, ní ìpínlẹ̀ Kano ìgbà náà, tí ó ti di ti Jigawa lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń gún ìka ọmọdé àti àgbà, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, tí òṣìṣẹ́ á tẹjú mọ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, á sì wo igba ojú ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó wí pé kò sí kòkòrò. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì tọ́ sí ìyìn, nítorí láìsí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn, kí ni kọ̀ǹpútà ìbá rí ṣírò?

Ní 1974, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, Klaus Dietz, Louis Molineaux àti A. Thomas, pín ará abúlé sí ọ̀wọ́ 7 nínú ìṣirò wọn, láti orí ẹni tí kò ní àjẹsára tí kòkòrò kò sì tíì wọ̀ lára, títí dé ẹni tí kòkòrò ń bẹ lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ti gbọ́n débi pé kíákíá ni yóò lé e jáde. Bí ẹ̀fọn bá ti ń jẹ wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò ń ṣí wọn nípò. Àwọn òṣìṣẹ́ Garki fín propoxur, oògùn apẹ̀fọn, sílé, wọ́n sì pín oògùn ibà káàkiri. Ibà rọlẹ̀ púpọ̀, kò tán. Agbára àjẹsára inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a dáàbò bò náà sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibà padà nígbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: ẹni tí yóò lé ibà lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ara yóò gbàgbé.

Àkọsílẹ̀ Garki yìí ni àwọn onímọ̀ ṣì ń fi dán ìṣirò wọn wò lónìí, bí wọ́n ti ń wọn agbára abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, irú R21 tí Nàìjíríà gbà ní 2024, tí a sì fi Kebbi àti Bayelsa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ní Ìgbògbò àti Ìkòròdú, ẹ fi iṣẹ́ yìí han àwọn ọmọ wa, kí àwọn náà lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí yóò ṣírò ibà ilẹ̀ wọn.