Akéde, Apolówó àti Alárinà: Bí a ti Ta Ìtàn Sẹ̀gilọlá

Ìpolówó ni àgúnmu òwò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bí àgúnmu ti ń fún aláìlera lókun, bẹ́ẹ̀ ni ohùn dídùn ń fún ọjà tí ó jókòó sójú kan lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àgúnmu mọ̀ pé oògùn ni, àti pé ìwọ̀n ni a fi ń lò ó. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ó lè di májèlé. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ọmọ tí ó bá ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀ a máa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó mọ ìwé kà. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọjà òun yóò bá òun padà sílé. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá pe ẹ̀kọ àná ní ẹ̀kọ gbígbóná, oníbàárà kò ní dá òun dúró mọ́ lọ́la.

Bí ènìyàn bá tẹ́tí sílẹ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò gbọ́. Èkíní ni ti akéde. Ọba ni ó rán an. Agogo ni ó ń lù. Ohun tí wọ́n fi rán an nìkan ni ó gbọdọ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí i, kò gbọdọ̀ yọ ata kúrò níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ará ìlú yóò tẹ̀lé. Èkejì ni ti apolówó. Ọjà ara rẹ̀ ni ó ń yìn, gbogbo ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ń gbọ́ ọ fi ń sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì kí ó tó gbé e mì. Ẹ̀kẹta ni ti alárinà, ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ láàrin ọ̀dọ́mọkùnrin àti ilé ọmọbìnrin tí ó wù ú. Òun náà ń yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà tirẹ̀ ni ó ń yìn. Orúkọ rere rẹ̀ ni ó fi ń dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ní òpin, nítorí pé bí obìnrin bá mọjú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba.

Olúkúlùkù ohùn wọ̀nyí ni ó ní òfin tirẹ̀. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ẹnìkan bá fi ohùn akéde polówó ọjà, tàbí tí ó fi ohùn alárinà ta ohun tí í ṣe tirẹ̀. Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó inú ìtàn ìfẹ́ kan tí ó jáde ní Èkó láàrin 1929 àti 1930. Orúkọ ìwé ìròyìn tí ó gbé ìtàn náà jáde gan-an ni Akéde.

Ní 1928 ni Ọ̀gbẹ́ni Isaac Babalọlá Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, òun nìkan ni ó ń jó lójú agbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Thomas. Adéoyè Dẹ́nígà ti dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntàn ti dá Elétí Ọfẹ sílẹ̀ ní 1923. Èkó Ìgbẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Àwọn tí ó mọ Yorùbá kà ní Èkó nígbà náà kò pọ̀, àwọn ìwé ìròyìn tí ń wá ojú rere wọn sì ń pọ̀ sí i. Ọjà ni ìwé ìròyìn, àtẹ sì ti kún. Ẹ̀wẹ̀, ní 1928 kan náà ni a dá West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó, ilé iṣẹ́ tí ìpolówó jẹ́ òwò rẹ̀, èyí tí ó di Lintas ní ìgbẹ̀yìn. Ọdún kan náà ni akéde alábẹ̀bẹ̀ ìwé àti apolówó alákọsílẹ̀ jọ wọ ìlú.

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní òun ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní arúgbó ni òun, àti pé àìsàn àti òṣì ti dé bá òun. Ó ní òun lo ewà òun ní ìlòkulò nígbà èwe, ọkùnrin tí òun bá rìn kò níye, àti pé òun fẹ́ ròyìn ayé òun kí àwọn ọmọbìnrin Èkó lè fi òun kọ́gbọ́n. Ó bẹ olóòtú kí ó bá òun tẹ ọ̀rọ̀ náà. Olóòtú sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà títí di oṣù kẹta ọdún 1930, a sì kó wọn jọ di ìwé ní 1930 kan náà, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Thomas, olóòtú, ni ó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀.

Orúkọ ìtàn náà nìkan tó láti fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe hàn: Ìtàn Ìgbésí Aiyé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ L’áiyé. Sẹ̀gi jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye, ohun tí a ń tò sọ́rùn ẹni tí a fẹ́ bù kún. Ẹyinjú ẹgẹ́ jẹ́ ìyìn ẹwà. Títí dé ibẹ̀, bí ẹni ń ki ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin èyíkéyìí lè fi pe ọmọge tí ó wù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ̀rún ọkọ dé. Ìyìn méjì ni ó gbé obìnrin náà ga, ìwọ̀sí kan sì já a lulẹ̀, ohùn oríkì kan náà ni a sì fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí ni ẹ̀fẹ̀ tí ó mú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Oníkàwé kò tíì ṣí ojú ìwé kan tí ó ti mọ̀ pé ẹnu tí ń yìn lè jẹ́ ẹnu tí ń ta. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ọkọ kan náà ni yóò mú kí ó na ọwọ́ sí àpò láti ra ìwé.

Bí orúkọ náà ti rí ni inú ìtàn rí. Sẹ̀gilọlá ń sunkún nítorí ayé tí ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn ọjọ́ ayọ̀, ẹkún a gbẹ lójú rẹ̀. Aṣọ, ijó, orin ìgboro Èkó àti ọkùnrin tí ń wólẹ̀ níwájú rẹ̀ a tún dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Àwọn kan lè pe èyí ní àbùkù, pé oníwàásù kì í la ètè nígbà tí ó bá ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Obìnrin yìí ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ polówó ara rẹ̀, kò sì mọ ohùn mìíràn sọ. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ pàápàá, bí ẹni kiri ọjà ni ó ń ṣe é.

Ará Ìlá ní àpẹẹrẹ kan tí ó lè tètè mú kí èyí yé ni. Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ẹmu ni Ìlá. Adẹ́mu mọ̀ pé ẹmu tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ lówùúrọ̀ dùn bí oyin, pé bí oòrùn ti ń ga ni adùn rẹ̀ ń dín kù tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àti pé bí ó bá pẹ́ títí, kíkan ni yóò kan. Ọjà tí ọjọ́ ń lé ni. Kò lè fi í pamọ́ kí owó gun. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ń tà, kò sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ó ṣì dùn. Nígbà tí ọjà náà kan tán ni ó tó rí i pé ohun kan ṣẹ́ kù tí òun lè tà, èyíinì ni ìtàn bí ó ti dùn tẹ́lẹ̀. Oníbàárà ìtàn náà sì pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ.

Àwọn oníkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀, wọ́n bá a kẹ́dùn, a sì rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas dúró láàrin wọn bí alárinà. Òun nìkan ni ó mọ ilé Sẹ̀gilọlá; òun nìkan ni ó lè jẹ́ iṣẹ́ wọn fún un. Ṣùgbọ́n alárinà yìí kò yẹ̀ba, nítorí pé bí ó bá yẹ̀ba, kò sí ìyàwó lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí ni ohùn mẹ́ta náà ṣe ti ẹnu kan ṣoṣo jáde. Bí akéde ni ó ṣe sọ pé òótọ́ ni. Bí alárinà ni ó ṣe mú obìnrin náà wá síwájú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí apolówó ni ó ṣe gba owó ìwé ìròyìn lọ́wọ́ wọn.

Ṣé irọ́ ni Thomas pa? Ẹni tí ó mọ ìwé àwọn òyìnbó lè tètè dá a láre. Ní 1722, Daniel Defoe gbé Moll Flanders jáde bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ni. Ní 1740, Samuel Richardson pe ara rẹ̀ ní olóòtú lásán fún àwọn lẹ́tà Pamela. Ọ̀nà tí ìtàn àròsọ gbà wọ ayé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti Yorùbá ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àlọ́ yóò kọ́kọ́ kígbe àlọ́, àwọn tí ń gbọ́ yóò sì dáhùn. Nípa ìdáhùn yẹn ni wọ́n gbà pé kí ìjàpá máa sọ̀rọ̀, kí igi sì máa rìn. Ìtàn kò ní irú ìkésíni bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni a ń pè ní ìtàn. Thomas kò kígbe àlọ́. Ìtàn ni ó pe tirẹ̀. Ó mú àwọn ènìyàn wọ inú àlọ́ láìjẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Síbẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni ìwúlò iṣẹ́ náà wà. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí Sẹ̀gilọlá ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ rẹ̀ ṣe: ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn láti ẹnu obìnrin tí kò mọ̀, àánú àti ìfẹ́ sì yọ owó lápò rẹ̀. Àwọn ọkọ tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú lẹ́tà, òun náà ti di ọ̀kan nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà ní 1946, Frederic Wakeman tẹ The Hucksters jáde, ìtàn ìfẹ́ tí ó fi àwọn onípolówó orí rédíò àti ọlọ́rọ̀ tí ń ta ọṣẹ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìwé tí ó gbámúṣé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni oníkàwé rẹ̀ dúró sí tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ti Èkó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó rà á wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ òde òní gidigidi. Arọ́mọdọ́mọ Sẹ̀gilọlá kò tíì kú. Lórí rédíò àti lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ohùn kan yóò sọ pé òun ti ṣàìsàn fún ọdún méje, pé òun ti ná gbogbo owó òun tán, kí òun tó pàdé àgbo báyìí báyìí. Kò sí ẹni tí ó mọ ilé ẹlẹ́rìí náà àfi ẹni tí ń ta àgbo. Kò sí ẹni tí ó kígbe àlọ́. Nínú èyí, kì í ṣe owó ìwé ìròyìn nìkan ni ènìyàn lè pàdánù; ìlera àti ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ Yorùbá lè ṣe kò ṣòro. Láti 2012, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber ti tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá Sẹ̀gilọlá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn náà kò tún ṣọ̀wọ́n bí ti àtẹ̀yìnwá. Olùkọ́ lè kà nínú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn: ta ni ó rán ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí? Ta ni ó ni ọjà náà? Bí a bá ní kí ó yẹ̀ba, ǹjẹ́ a ó rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀? Ọmọ tí ó bá lè bi Sẹ̀gilọlá ní ìbéèrè wọ̀nyí yóò lè bi oníṣòwò àti òṣèlú pẹ̀lú. Kò sì ní pàdánù adùn ìtàn náà, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé ọtí ni òun ń mu kì í ṣaláì gbádùn rẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ni ó fi ń mu ún.

Ní ìdí ẹmu, kò sí bí ẹlẹ́mu ti lè pariwo tó, ẹni tí ó gbọ́n a máa ní kí a kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún òun tọ́ wò. Kò bínú sí ìpolówó; ìpolówó ni ó pè é dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ara rẹ̀ ni ó fi ń dájọ́.