Iṣẹ́ Tí Iyọ̀ Ń Ṣe Nínú Ara Wa

Nínú àwọn ohun tí Yorùbá fi ń ṣe àdúrà fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìkómọjáde, iyọ̀ kò gbẹ́yìn. A ń fẹ́ kí ayé ọmọ náà dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ iyọ̀ kò mọ sí adùn nìkan.

Ní ọ̀nà kìíní, iyọ̀ ni ó ń jẹ́ kí omi wà ní ìwọ̀n nínú ara, ó sì ń ran iṣan àti ọkàn lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá ń yàgbẹ́ gbuuru, iyọ̀ a máa bá omi jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ àti ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, tí a gé orí wọn pẹrẹsẹ, mọ́ lítà kan omi mímọ́ fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀nà kejì, iyọ̀ ni a fi ń gbé èròjà tí a ń pè ní ayodíìnì dé inú ara. Ní ayé àtijọ́, àwọn Ìlàjẹ a máa se omi òkun di iyọ̀, wọn a sì tà á fún àwọn ará òkè. Ẹni tí ń gbé Ìgbókòdá lè tipa bẹ́ẹ̀ rò pé iyọ̀ òkun lásán ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayodíìnì kò pọ̀ nínú iyọ̀ tí a sè láti inú omi òkun. Inú ẹja òkun àti edé ni ó pọ̀ sí. Àìtó rẹ̀ ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀, irú èyí tí ó ti yọ àwọn kan lẹ́nu ní ilẹ̀ Àkókó. Bí kò bá tó lára aláboyún, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lè má jí pépé. Nítorí náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò ní ọdún 1993 pé kí a máa fi ayodíìnì sí iyọ̀ jíjẹ. Nígbà tí ó di 2005, orílẹ̀-èdè wa ni ó kọ́kọ́ ṣe àṣeyọrí yìí ní Áfíríkà. Ọ̀rinrin àti oòrùn a máa dín agbára ayodíìnì kù. Ẹ jẹ́ kí á máa dé iyọ̀ wa, pàápàá ní agbègbè olómi bíi tiwa.

Iyọ̀ nìkan kọ́ ni ara ń fẹ́. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegunteegun ń mú egungun le. Ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fún ẹ̀jẹ̀ ní èròjà irin. Bí a bá mu ọsàn lé wọn, ara yóò tètè gbà á.

Síbẹ̀, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Iyọ̀ àjẹjù a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ń bí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn kíndìnrín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kún ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágí wà nínú ìṣirò náà. Kò dára kí á tún máa bu iyọ̀ sí oúnjẹ tí ó ti jinná.

Ní ìparí, iyọ̀ tí ó ní ayodíìnì, tí a sì jẹ níwọ̀n, ni ó ń ṣe ara lóore. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.