Bí Mo Ṣe Bu Omi Sílẹ̀ ní Aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà



Àbúrò mi tó ń gbé Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ló ní kí n wá kí òun àtàwọn ọmọ. Aṣálẹ̀ gidi ni ibẹ̀. Oòrùn wọn le ju ti Bẹẹrẹ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi mọ́tò gbé wa lọ sí Grand Canyon. Àfonífojì yẹn jìn ju máìlì kan lọ. Ẹ gbọ́, odò ló gbẹ́ ẹ! Odò Colorado ló ń fara balẹ̀ gé àpáta láti bíi mílíọ̀nù ọdún márùn-ún.

Mo gbé ike omi, mo fẹ́ júbà. Àbúrò mi rọra fà mí láṣọ: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò mọ̀ pé ilé onífá ni mo ti wá." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo gbé omi mi sílẹ̀, mo dákẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òyìnbó kan nínú wọn ló ń sọ fún wa pé àwọn Hopi, tó ti wà nílẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé, gbà pé inú àfonífojì náà ni àwọn baba ńlá wọn ti jáde wá sáyé? Dòní, ibi ọ̀wọ̀ ni fún wọn.

Mo ní, "Bí Ifẹ̀ ṣe jẹ́ fún àwa náà nìyẹn." Ó ní kí n sọ ti Ifẹ̀ fóun. Mo sọ ọ́.

Nígbà tí mo parí, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló gbé omi náà fún mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe àṣẹ.

Ẹ̀yin tó lọ́mọ lókè òkun, ẹ máa sọ ti ilé fún wọn. Ìtìjú ló ń pa ìṣẹ̀ṣe, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.